Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ Eré Ìjà Lókè Òkun Kí Ìwé Ẹ̀rí Yín Má Di Bébà Lásán

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe orí máàtì. Wọ́n á rí ìpolówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sanwó, wọ́n á wọ bàálù, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì làágùn, wọ́n á sì gbé ìwé ẹ̀rí aláràbarà bọ̀ wálé. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú àjọ tó ń bójú tó eré náà nílé ni wọ́n tó máa gbọ́ pé, "A ò mọ ìwé yìí o." Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó máa gba ìwé. Níbí, ẹ̀yìn la ti máa bẹ̀rẹ̀ wá sí iwájú.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Ó kéré tán, oṣù mẹ́fà kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé. Ẹni tó bá fi oṣù méjì sílẹ̀ á máa sáré lẹ́yìn físà nígbà tó yẹ kó máa múra ara rẹ̀ sílẹ̀.
- Páásípọ́ọ̀tù tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì kù tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa padà, tó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo.
- Ìwé ẹ̀rí ipò tí ẹ wà báyìí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete. Fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń so bẹ́líìtì mọ́ yín nídìí kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.
- Lẹ́tà olùkọ́ yín, tó sọ iye ọdún tí ẹ ti lò lọ́dọ̀ rẹ̀ àti pé ó mọ̀ sí ìrìn àjò náà.
- Ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ àjọ kì í forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ láìsí i, ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ fi máa kọ́ ọ.
- Àkọsílẹ̀ àkáǹtì báńkì oṣù mẹ́fà, àti àbájáde àyẹ̀wò dókítà tó dá lórí ọkàn, ojú, eegun àti oríkèé ara.

1. Ẹ bi ẹni tó máa gbà á kí ẹ tó bi ẹni tó ń tà á

Ẹ kọ lẹ́tà sí àjọ eré ìjà yín nílé. Tó bá jẹ́ pé ibi ìkọ́ni lẹ fẹ́ ṣí, ẹ kọ sí iléeṣẹ́ adójútòfò tó ń gba olùkọ́ eré ìdárayá náà. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: Ìwé ẹ̀rí ta ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ olùkọ́? Ipò wo ló gbọ́dọ̀ ti dé kó tó gbà á? Tó bá gbà á dé, ṣé ẹ máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tààrà, àbí ó tún máa ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ yín?

Oríṣi ìwé mẹ́rin ni àwọn èèyàn ń kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní sàtífíkéètì. Ìwé ìkópa kàn ń sọ pé ẹ wá. Ìwé ipò ń sọ ibi tí ìmọ̀ yín dé. Ìwé olùkọ́ ló fún yín láṣẹ láti kọ́ ẹlòmíràn. Ti kóòṣì ìdíje jẹ́ kí ẹ lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàtì kí ẹ máa darí ẹni tó ń jà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń tà fún àlejò ni àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta sì ni ẹni tó rà á rò pé òun rà.

Eré kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Nínú táékwọ́ńdò, Kukkiwon, ilé àgbà eré náà ní Seoul ní Kòríà, tó ti wà láti 1972, ló ń fúnni ní ipò Dan (ìpele bẹ́líìtì dúdú) tí World Taekwondo, àjọ àgbáyé eré náà, ń béèrè lọ́wọ́ adíje. Ìpele mẹ́ta ni kọ́ọ̀sì olùkọ́ wọn: ìpele kẹta fún ẹni tó ti dé Dan kẹrin, ìpele kejì fún Dan kẹfà, ìpele kìíní fún Dan kẹjọ. Ẹni tó wà ní Dan kejì kò tíì ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, bó ti wù kó mọ eré tó. Ẹ tún wò ó bóyá Poom ló wà lórí ìwé yín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ni wọ́n ń fún ní Poom, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ di Dan kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Dan ti ITF, àjọ táékwọ́ńdò mìíràn, ní tirẹ̀ kì í di ti Kukkiwon fúnra rẹ̀.

Nínú jiu-jitsu ti Brazil, kò sí kọ́ọ̀sì tó ń fúnni ní bẹ́líìtì. Ọwọ́ olùkọ́ yín ló ti ń wá. Ìlànà IBJJF, àjọ ńlá tó ń ṣètò ìdíje eré náà, fún àgbàlagbà ni pé kí èèyàn lo ó kéré tán ọdún méjì lórí bẹ́líìtì búlúù, ọdún kan àtààbọ̀ lórí elésè-àlùkò, ọdún kan lórí aláwọ̀ ilẹ̀, kó sì pé ọmọ ọdún 19 kó tó so dúdú. Ẹ ro ó pọ̀: ọdún mẹ́rin àtààbọ̀. Ibùdó tó bá ṣèlérí láti sọ ẹni tó wà lórí búlúù di olùkọ́ onídúdú láàárín oṣù mẹ́ta ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Ní ti júdò, Kodokan, ilé ìkọ́ni júdò ní Tokyo, tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní 1882, ń gba àlejò láti wá ṣe ìdánrawò, ó sì dára gan-an. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kì í gbéni kúrò ní ipò tó wà. Okinawa ni orísun kàrátè, ilé kàrátè ibẹ̀ sì pọ̀, síbẹ̀ ipò tí ilé kan fúnni, ilé kejì lè má kà á sí. Muay Thai ti Thailand kò tiẹ̀ ní bẹ́líìtì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà bí orúkọ ibùdó tó kọ ìwé yín bá ṣe tó ni ìwé yín ṣe máa tó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀, tó dárúkọ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n máa gbà. Ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò tó. Akọ̀wé tó sọ̀rọ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá dé.

2. Ẹ yẹ kọ́ọ̀sì náà wò bí ẹni fẹ́ ra ilẹ̀

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí àwòkọ́ṣe kan ránṣẹ́. Ẹ wo nǹkan mẹ́rin lára rẹ̀: orúkọ àjọ tó fọwọ́ sí i, nọ́ńbà, ọjọ́, àti ibi tí èèyàn ti lè wá nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà tí kò sí ibi tí wọ́n ti lè wá a, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè orúkọ ẹni méjì tó ti parí kọ́ọ̀sì náà, kí ẹ wá orúkọ wọn nínú ìwé àkọsílẹ̀ àjọ tí wọ́n dárúkọ. Ẹ má dúró sórí ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà lórí ojú ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn ló yan ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ béèrè àtẹ àkókò wákàtí sí wákàtí. Ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n fi wákàtí mẹ́fà kọ́ni lóòjọ́ jẹ́ ọgbọ̀n wákàtí. Ìyẹn tó fún ẹni tó ti mọ eré náà tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Kò tó láti kọ́ eré àti ìkọ́ni pọ̀. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé: ta ló ń ṣe ìdánwò, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá já kulẹ̀? Ilé ẹ̀kọ́ gidi á sọ fún yín pé ẹ máa padà wá, tàbí pé ìwé ìkópa nìkan lẹ máa gbà. Èyí tó bá ní "ẹnikẹ́ni kì í já kulẹ̀ lọ́dọ̀ wa" kò ṣe ìdánwò rárá.

*Ìkìlọ̀:* àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni kí ẹ sanwó sí. Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan ni wọ́n fún yín, tí wọ́n sì ń kán yín lójú pé ẹ̀dínwó máa parí lálẹ́ òní, ẹ dúró. Àsansílẹ̀ kékeré kò burú. Gbogbo owó kí físà tó jáde ló burú, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn máa dá a padà tí wọn ò bá fún yín ní físà.

3. Físà: ẹ sọ ohun tí ẹ ń lọ ṣe gan-an

Àṣìṣe tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn jù ni kí ó kọ "ìgbafẹ́" sí fọ́ọ̀mù, kí aṣọ ìjà mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ àti lẹ́tà kọ́ọ̀sì oṣù mẹ́rin sì wà nínú àpótí rẹ̀. Òótọ́ ni pé orílẹ̀-èdè kan lè gbà kí arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ ṣe ìdánrawò ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí ọjọ́ bá ti ń gùn, ó ní físà tó yẹ ẹ́.

Thailand bẹ̀rẹ̀ físà DTV (Destination Thailand Visa) ní 2024, wọ́n sì ka Muay Thai mọ́ ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ gbà á. Ẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 20, kí ẹ fi hàn pé ẹ ní 500,000 baht (owó Thailand), kí ẹ sì ní lẹ́tà ibùdó. Ọdún márùn-ún ló ń lò, ọjọ́ 180 sì ni wọ́n ń fúnni nígbà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wọlé. Japan ní físà ìṣe àṣà fún ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ eré ìjà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún àkókò gígùn. Ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ló máa bá yín gba ìwé ìyẹniyẹ wá láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ aṣíwọlé, oṣù mẹ́ta péré ni ìwé náà sì ń lò, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó tètè jáde jù. Físà yìí kò fàyè gba iṣẹ́ owó. Ní Ṣáínà, físà X2 wà fún ẹ̀kọ́ tí kò ju ọjọ́ 180 lọ, X1 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi X1 wọlé sì ní ọjọ́ 30 láti gba ìwé ìgbé. Tí kì í bá ṣe hòtẹ́ẹ̀lì lẹ dé sí, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Ilé ẹ̀kọ́ kúńgfù tó bá ní "ẹ má yọra yín lẹ́nu" lórí èyí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, ń gba àlejò fún ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí, adójútòfò tó tó 30,000 euro ni wọ́n ń béèrè, ẹ kò sì lè mú fọ́ọ̀mù lọ ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò tàbí kí ó ku ọjọ́ tí kò tó 15.

Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbé físà dúró. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ yín bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, wákàtí ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀, iye owó àti ẹni tó san án, ibi tí ẹ máa sùn, àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́dọ̀ ìjọba wọn. Bó bá ku ìkan, ẹ dá a padà kí wọ́n tún un kọ.

*Ìkìlọ̀:* tí wọ́n bá ní kí ẹ wá bá àwọn kọ́ àwọn ọmọdé ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè yọ owó ilé fún yín, iṣẹ́ nìyẹn lójú òfin, bí owó ò tiẹ̀ kan ọwọ́ yín. Ìjà tó ní owó nínú náà ń kó èèyàn sí ìjàngbọ̀n lọ́nà kan náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tẹ́ lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, ìwé ilé gbígbé, ìwé ìsinmi láti ibi iṣẹ́ àti ìwé adójútòfò sórí tábìlì. Ọjọ́ kan náà, orúkọ kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìgbà náà ni kí ẹ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, ẹ̀yìn físà ni.

4. Adójútòfò

Ẹ ṣí ìwé adójútòfò sí apá ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí wọn kò ní san. Ibẹ̀ ni "eré ìjà" máa ń wà. Ẹ kọ̀wé bi wọ́n pé: ṣé ẹ máa sanwó tí mo bá ṣẹ́ eegun níbi ìdánrawò? Níbi ìjà ìdánrawò tí a ti ń lura ńkọ́? Níbi ìdíje ńkọ́? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè yàtọ̀ síra. Ẹ tún béèrè nípa ọ̀kadà, nítorí ẹni tó ń lọ sí ibùdó Muay Thai kì í pẹ́ gun ìkan, ìwé adójútòfò sì máa ń dá lórí bóyá ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún un.

5. Ọ̀sẹ̀ méjìlá fún ara

Ohun tó ń dá èèyàn padà sílé kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ẹlòmíràn. Orúnkún tó wú ni, ojúgun tó ń dunni tòru tòsán, tàbí awọ ẹsẹ̀ tó bó. Ẹni tó ń ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ nílé ló lọ bọ́ sí èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 4: ẹ fi ìdánrawò kan kún iye tí ẹ ń ṣe lọ́sẹ̀, àti ìrìn kíákíá tàbí eré sísá pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ 5 sí 8: ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ṣe ìdánrawò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà kí ó di ọjọ́ méjì. Ẹ máa tẹ́ ẹsẹ̀ lásán sórí máàtì kí àtẹ́lẹsẹ̀ le. Ẹni tó ń lọ sí Thailand, àpò ìlù rírọ̀ ni kó máa fi ojúgun gbá. Ẹ má fi igi tàbí ìgò lu ojúgun bí àwọn kan ṣe ń ṣe lórí fídíò, egbò ló ń fà, kì í mú eegun le. Ọ̀sẹ̀ 9 àti 10: ìdánwò ńlá nìyí. Ẹ ṣe ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ọ̀sẹ̀ 11: ẹ dín in kù sí ìdajì, ẹ sì fi ìjà líle sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ 12: ẹ sinmi, kí ẹ nara.

*Àyẹ̀wò:* láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin ìdánwò ńlá yẹn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú. Tí ara bá kàn ń ro yín, ó dára. Tí oríkèé kan bá wú tàbí tí ẹ bá ń tiro, ẹ kò tíì ṣe tán. Ẹ sún ọjọ́ síwájú, tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

6. Àpótí

Aṣọ ìjà méjì, nítorí ọ̀kan kì í gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Funfun ni fún Kodokan. Ìdáàbòbò eyín tí wọ́n fi eyín yín wọ̀n, ìdáàbòbò abẹ́, aṣọ ìdìwọ́ mítà mẹ́rin àtààbọ̀ méjì, ohun ìgékánná, ọṣẹ apakòkòrò, bàtà sílípáàsì. Ìbọ̀wọ́ àti ìdáàbòbò ojúgun wúwo, ẹ lè rà wọ́n níbẹ̀.

Nunchaku, igi méjì tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n tàbí okùn so pọ̀, jẹ́ ohun èèwọ̀ lábẹ́ òfin Kánádà àti Jámánì, àní nínú àpótí abẹ́ bàálù. Idà irin tó lójú nílò àṣẹ kó tó wọ Japan. Japan kan náà kò gba oògùn ọ̀fìnkìn tí pseudoephedrine inú rẹ̀ bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ ka ẹ̀yìn páálí oògùn yín.

7. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ dé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kọ́ọ̀sì, kí ẹ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ wo ìdánrawò kan láìkópa. Ẹ wo ibi tí bàtà wà àti ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí, ta ló kọ́kọ́ tẹrí ba, ibi tí ẹni ipò yín dúró sí lórí ìlà, ẹni tó lè tún aṣọ rẹ̀ so àti ìhà tó kọ sí nígbà tó ń so ó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ ìlà títí wọ́n á fi pè yín sókè.

Ooru ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kó tó mọ́ ara. Láàárín rẹ̀, omi nìkan kò tó, ẹ máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Tí ìtọ̀ bá pọ́n bíi tíì, ẹ fi ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀.

Làpálàpá àti eéwo ni àrùn máàtì. Ẹ wẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá kúrò lórí máàtì, ẹ má yá aṣọ ìnura lò, ẹ má wọ aṣọ ọ̀rinrin lẹ́ẹ̀mejì. Tí òrùka pupa bá jáde lára, ẹ sọ fún olùkọ́. Ẹni tó bá fi pamọ́, tó wá ràn mọ́ ẹni mẹ́wàá, ni wọn kì í gbàgbé. Tí wọ́n bá lu yín lórí tí ojú yín ṣú, tí orí ń fọ́ tàbí tí ẹ ń bì, ìjà ti parí títí dókítà fi máa sọ pé ẹ lè padà, kì í ṣe títí di ọ̀la.

8. Ìdánwò ìkọ́ni

Agbára yín láti jà kọ́ ni wọ́n ń wò níbí. Wọ́n á fún yín ní ẹni mẹ́jọ, ohun kan láti kọ́ wọn, àti ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ká ní ìpá iwájú ni. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n rí yín láti iwájú, ẹ̀ẹ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá sọ gbólóhùn kan: "Orúnkún kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e." Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ rìn yí wọn ká, ẹ wá àṣìṣe tó wà lára ẹni tó pọ̀ jù, ó sábà máa ń jẹ́ pé orúnkún kò gòkè kí ẹsẹ̀ tó jáde. Ẹ dá gbogbo wọn dúró, ẹ tún ìyẹn nìkan ṣe, kí wọ́n padà síṣẹ́. Ẹsẹ̀ òsì náà gbọ́dọ̀ ṣe é.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń já kulẹ̀ kò yàtọ̀ síra: wọ́n á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀, wọ́n á kẹ́yìn sí ìdajì kíláàsì, wọ́n á tún àṣìṣe márùn-ún ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ní béèrè bóyá ẹnì kan fara pa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fóònù ká ara yín sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ẹni mẹ́ta péré, kí ẹ fi aago ka iye ìṣẹ́jú tí ẹnu yín fi ń ṣiṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá.

9. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀

Ẹ má kí wọn pé ó dìgbà kan ná láìtíì ka ìwé náà lẹ́tà sí lẹ́tà níwájú akọ̀wé. Kòríà àti Japan máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, ìgbà mìíràn wọ́n á fi orúkọ àárín sí ipò orúkọ ìdílé. Ẹ wo ọjọ́ ìbí, ẹ wo nọ́ńbà, ẹ wo èdìdì. Àtúnṣe tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀ lè gba oṣù mẹ́ta tí ẹ bá ti délé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí í-meèlì ara yín, kí ẹ sì gbé ojúlówó rẹ̀ sínú àpò ọwọ́. Ẹ gba orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì í-meèlì ẹni tó ń bójú tó àkọsílẹ̀.

Tí ẹ bá délé, ẹ tẹ nọ́ńbà yín sínú ibi ìwádìí àjọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí orúkọ yín kò bá tíì jáde lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni yẹn. Tó bá ti jáde, ẹ tẹ ojú ìwé ìwádìí náà síta, ẹ fi pín mọ́ ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì kó méjèèjì pẹ̀lú èsì tí àjọ nílé kọ sí yín ní ìgbésẹ̀ kìíní lọ sí ọ́fíìsì wọn.